Kí ẹ tó ra ilé l'Ábẹ́òkúta nítorí ilé-ìwé: bí ẹ ṣe máa wọn ilé-ìwé náà fúnra yín

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ajẹ́ńtì ilé l'Ábẹ́òkúta mọ̀ ọ́n sọ: “Ilé-ìwé gidi wà nítòsí ibẹ̀, sà.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà lówó lórí, torí ẹni tó ń wá ilé fún ìyàwó àti ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúnàádúrà mọ́ tó bá ti gbọ́ ọ. Ohun tí ajẹ́ńtì kì í sọ ni ẹni tó wọn ilé-ìwé náà, ohun tó fi wọ̀n ọ́n, àti ọdún tó wọ̀n ọ́n.

Àwọn tó ń gbé lókè òkun ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di nǹkan tó rọrùn létí. L'Ámẹ́ríkà, àdírẹ́sì ilé ló sábà máa ń sọ ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ yóò lọ, iléeṣẹ́ bíi GreatSchools sì ń fún ilé-ìwé ní nọ́ńbà láti 1 dé 10, èyí tí àwọn tó ń polówó ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń tà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ayẹ̀wò Ofsted, àjọ tó ń yẹ ilé-ìwé wò fún ìjọba, máa ń fi ọ̀rọ̀ kan péré ṣe ìdájọ́ ilé-ìwé odindi, títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí ìjọba wọn ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan kò lè gbé gbogbo ohun tó wà nínú ilé-ìwé. Mọ̀lẹ́bí yín tó wà lọ́hùn-ún lè máa pè yín pé kí ẹ “wo rating” kí ẹ tó ra ilé. Ẹ kí wọn o, ṣùgbọ́n níbí kọ́.

Níbí, kò sí ààlà tí ẹnikẹ́ni fà sórí máàpù pé ẹni tó bá ra ilé sí òpópónà yìí ló ni àga nínú ilé-ìwé yẹn. Ilé-ìwé àdáni kì í béèrè àdírẹ́sì. Ìdánwò ìgbaniwọlé àti owó ni wọ́n ń béèrè. Nítorí náà, tí ẹ bá ra ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé l'Ábẹ́òkúta, ìrìn ni ẹ rà, ẹ kò ra àga. Bí ilé-ìwé náà bá bàjẹ́ lọ́dún mẹ́ta òní, ẹ lè mú ọmọ kúrò níbẹ̀. Ilé ni ẹ kò lè gbé kúrò. Orí èyí ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: kí ẹ má ra ilé nítorí ilé-ìwé kan ṣoṣo, àdúgbò tí ilé-ìwé mẹ́ta tó ṣe é fọkàn tán wà ní àrọ́wọ́tó ni kí ẹ wá.

1. Ẹ ka ọdún tí ilé-ìwé náà yóò fi wúlò fún yín

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọdún 6, girama kékeré 3, girama àgbà 3. Ọmọ ọdún 5 tó ń wọ Praimárì kìn-ín-ní ní ọdún 12 níwájú. Ọmọ tó ti wà ní SS1 kò ní ju ọdún 3 lọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ kíláàsì rẹ̀ sí i, ẹ sì kọ ọdún tí yóò jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ilẹ̀ òfìfo. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tó sì ń fi owó oṣù kọ́lé díẹ̀díẹ̀, lè lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó kó wọlé. Ọmọ tó wà ní Praimárì kẹta lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó ilẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó ti wọ girama, kí ẹ tó kó wọlé. Tí ó bá jẹ́ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mú yín fi owó kún owó ilẹ̀ náà, a jẹ́ pé ẹ fowó ra ohun tí ẹ kò ní lò. Bákan náà, tí ẹ bá ti pinnu pé ilé-ìwé oníbùgbé ni àwọn ọmọ yóò lọ ní girama, ẹ yọ girama kúrò nínú ìṣirò pátápátá, ẹ wo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan.

2. Ẹ yan àdúgbò mẹ́ta, ẹ má ṣe yan ilé kankan síbẹ̀

Ìdí-Àbà ni àwọn ilé-ìwé àtijọ́ ti pọ̀ jù: Abẹ́òkúta Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908 wà níbẹ̀, Baptist Girls' College wà níbẹ̀, Lísàbí Grammar School náà wà níbẹ̀. Ìbarà, Oníkòlóbó àti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ sún mọ́ àárín ìlú, ilé-ìwé àdáni wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo ti wọ́n, ilé àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tà. Asérò àti Ọbàńtokò gbòòrò, ilé-ìwé àdáni kéékèèké sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè kà á lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan dára gan-an, àwọn kan sì jẹ́ yàrá mẹ́rin lẹ́yìn ilé onílé. Káńpù àti Òsíẹ̀lẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, ń jẹ àǹfààní yunifásítì FUNAAB àti ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àgbà ti ìjọba àpapọ̀, torí ọmọ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà ń lọ ilé-ìwé, òbí tó jẹ́ olùkọ́ kì í sì í gbà kí tíṣà fi iṣẹ́ ṣeré. Kòbápé àti Láderin jẹ́ ibi tí ilé tuntun ń yọ, ilẹ̀ ṣì dẹ̀ díẹ̀, ilé-ìwé kò sì tíì pọ̀ tó.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá fọ́ yín lójú. Felá kẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School. Olóyè Ọbásanjọ́ àti MKO Abíọ́lá jáde ní Baptist Boys' High School, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923. Ohun ìwúrí ni. Kò sì sí èyí tó sọ fún yín ẹni tó ń kọ́ SS2 ní Ìṣirò lọ́dún yìí.

3. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ipò, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó

Ìràwọ̀ orí Google: ẹ wo iye ènìyàn tó fún un ní ìràwọ̀ kí ẹ tó wo ìràwọ̀ fúnra rẹ̀. Ìràwọ̀ 4.9 láti ọwọ́ ènìyàn 11, tí mẹ́jọ nínú wọn kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn tíṣà ilé-ìwé náà. Àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kà, torí àwọn ló sábà máa ń sọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára pọ̀.

Àmì-ẹ̀yẹ “ilé-ìwé tó dára jù lọ”: ẹ béèrè ẹni tó fún wọn àti bóyá wọ́n sanwó tábìlì níbi ayẹyẹ náà. Ọ̀pọ̀ irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ilé-ìwé fowó rà. Àwòrán ọmọ tó gba ẹ̀bùn ìdíje ìṣirò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ló ràn án lọ́wọ́.

Bánà “100% ní WAEC”: èyí ló nílò àlàyé tó gùn, torí òun ni wọ́n fi ń ta ilé jù.

4. Bí a ṣe ń ka èsì WAEC láìjẹ́ kí ó tan ni

Ohun tí ẹ ń wá ni iye ọmọ tó ní kírédíìtì márùn-ún ó kéré tán, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, láti A1 dé C6. “Gbogbo wọn yege” kò túmọ̀ sí nǹkan kan. D7 náà ni wọ́n ń pè ní yíyege, yunifásítì kì í sì í kà á sí kírédíìtì.

Ẹ béèrè fún ọdún mẹ́ta. Ọdún kan kò tó, ẹ sì lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè odindi. Ní 2024, ìdá 72.12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ní oṣù Kẹjọ 2025, WAEC kọ́kọ́ kéde 38.32. Ìlú gbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n rí i pé àṣìṣe ti wọ bí wọ́n ṣe máàkì ìdánwò mélòó kan tí wọ́n to ìbéèrè rẹ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn sá fún ilé-ìwé kan lọ́sẹ̀ yẹn, àṣìṣe ẹlòmíràn ló fi ṣèpinnu.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ kọ wọ́n síbi kan náà: iye ọmọ tó wà ní SS1 lọ́dún méjì sẹ́yìn, iye tó jókòó ṣe WAEC, iye tó ní kírédíìtì márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-ìwé méjì tí a fi ọwọ́ yà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ti kìn-ín-ní, ọmọ 60 wà ní SS1, 25 ló ṣe WAEC, 25 ló yege. Bánà wọn á ní 100%. Ní ti èkejì, ọmọ 124 wà ní SS1, 120 ló ṣe é, 84 ló yege: 70%. Ṣùgbọ́n nínú ilé-ìwé kìn-ín-ní, 35 nínú ọmọ 60 ti lọ sí ibòmíràn kí ìdánwò tó dé, torí wọ́n ní kí àwọn tí kò mọ̀wé dáadáa máa lọ. Tí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ilé-ìwé onídá 70 yẹn ló máa dì í mú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ilé-ìwé tó ní ọmọ 30 ní SS2 ṣùgbọ́n tí ọmọ 140 forúkọ sílẹ̀ fún WAEC lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó kún un wá láti ibòmíràn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Irú ibẹ̀ ni aráàlú ń pè ní míràkù sẹ́ńtà. Owó fọ́ọ̀mù wọn máa ń ga ju ti WAEC lọ ní ìlọ́po, èsì wọn sì máa ń dán. Ohun tó máa ń tú wọn fó ni JAMB, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí kì í ṣe ilé-ìwé wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ mẹ́rin márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: kí ni wọ́n gbà nínú 400? Bí ọmọ tó ní A1 mẹ́ta bá ń gba 140 nínú JAMB, tí ẹnìkejì rẹ̀ náà sì gba bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbọ́ èsì.

Àwọn olórí ilé-ìwé kan kò ní fẹ́ fi nọ́ńbà hàn yín. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kọ òdo sí ibẹ̀ nínú ìwé yín, ẹ máa lọ.

5. Fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìṣirò ọmọ aládùúgbò ni èsì yín

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní WAEC, kò sì sí ohun tó lè dípò ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí. Ẹ wá ẹni tó ń gbé àdúgbò náà tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé-ìwé ọ̀hún. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣàlàyé ara yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ọmọ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Praimárì kẹta tàbí kẹrin ló dára jù, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ táàmù.

Ẹ kọ́kọ́ wo déètì. Ó kéré tán, iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìwé Ìṣirò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ retí bíi 24. Tí ẹ bá rí mọ́kànlá, wọ́n ń fi àkókò ìṣirò ṣe nǹkan mìíràn, bóyá ijó òpin ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bírò pupa: ṣé wọ́n máàkì gbogbo rẹ̀, àbí wọ́n kàn fa ìlà gígùn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé?

Nísinsìnyí ẹ wá ìyọkúrò. Ẹ wá ibi tí òdo wà láàárín nọ́ńbà tó wà lókè, irú bíi 304 − 178. Ìdáhùn rẹ̀ ni 126. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń yá láti ibi tó ga sábà máa ń kọ 274, torí ó ń fi kékeré yọ nínú ńlá níbikíbi tó bá ti bá wọn: 8 ju 4 lọ, ó yọ 4 nínú 8, 7 ju òdo lọ, ó kọ 7, 3 yọ 1, ó ku 2. Tí ẹ bá rí 274 tí wọ́n fi pupa gún “X” sí, tí wọ́n sì ní kí ọmọ tún un ṣe nísàlẹ̀, tí àtúnṣe náà jẹ́ 126, tí wọ́n tún máàkì àtúnṣe náà, ẹ ti rí tíṣà. Tí ẹ bá rí 274 tí wọ́n tíìkì, ilé-ìwé náà ì báà ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo kíláàsì, kò sí ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Kí ọmọ náà ka ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá àti ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì fún yín, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Ọmọ Praimárì kẹta tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì gààràgà ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ohun tó túmọ̀ sí, àkọ́sórí ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ fún ọmọ ní ohun ìpanu. Iṣẹ́ ni ẹ fún un ṣe.

6. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kò retí yín

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pe òbí. Ẹ débẹ̀ ní aago mọ́kànlá, ẹ ní ẹ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Bí ẹ ṣe ń dúró, ẹ ka ọmọ inú kíláàsì kan láti ojú fèrèsé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni ọmọ 35 sí olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ 40, ẹ lè fara mọ́ ọn. Tó bá ti tó 55, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ tíṣà.

Ẹ béèrè iye tíṣà tó kúrò lọ́dún tó kọjá. Èyí ṣe pàtàkì ju ilé gogoro lọ. Ilé-ìwé àdáni tó ń san owó táṣẹ́rẹ́ kò lè dá tíṣà dúró. Ọmọ yín á ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ẹ béèrè bóyá àwọn tíṣà ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú TRCN, àjọ tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́. Ẹ béèrè fún ìwé àṣẹ láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní girama, bóyá WAEC ti fún wọn ní sẹ́ńtà tiwọn. Ilé-ìwé tí kò ní sẹ́ńtà ń kó ọmọ lọ ṣe ìdánwò níbòmíràn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ wọ inú rẹ̀. Ó yá, ẹ máa lọ.

7. Ìrìn

Ẹ má wọn ọ̀nà lórí máàpù Google lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ lọ gbéra níwájú ilé tí ẹ fẹ́ rà lọ́jọ́ Ajé, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rìn ín bí ọmọ yóò ṣe rìn ín: tó bá jẹ́ ọ̀kadà àti takisí ni, ẹ wọ ọ̀kadà àti takisí. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ òjò. Ilé kan ní apá Ìta-Òṣìn lè dà bí ìṣẹ́jú 15 sí Ìbarà, ṣùgbọ́n odò Ògùn wà láàárín, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ kọjá lórí afárá láàárọ̀. Láti Ọbàńtokò sọ̀kalẹ̀ sí Kútọ̀ náà, ẹ óò rí bí ọkọ̀ ṣe ń tò.

Ìṣẹ́jú 30 ni kí ẹ fi ṣe òpin fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 45 fún ọmọ girama. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń jí ní aago márùn-ún kó tó dé ilé-ìwé ní aago méje ààbọ̀, oorun ni yóò fi gbọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ sọ ìrìn di owó. Ọ̀sẹ̀ 12 fún táàmù kan, táàmù mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: ọjọ́ 180. Ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi díẹ̀, ẹ fi 175 ṣe é. Ká ní owó ọkọ̀ ọmọ kan lọ àti bọ̀ jẹ́ ₦1,500, ọmọ méjì: ₦3,000 lóòjọ́, ₦525,000 lọ́dún, ₦3,150,000 láàárín ọdún mẹ́fà, láìtíì ka ti bí owó epo ṣe ń lọ sókè. Tí ilé tó sún mọ́ ilé-ìwé bá fi mílíọ̀nù méjì wọ́n ju èyí tó jìnnà lọ, èyí tó wọ́n ló dẹ̀ jù. Tó bá fi mílíọ̀nù mẹ́fà wọ́n jù, tí kò sì sí ohun mìíràn tó fi sàn jù, orúkọ ilé-ìwé ni ẹ fẹ́ sanwó fún. Ẹ fi iye tiyín sí i. Ìṣirò náà ni ẹ mú, kì í ṣe nọ́ńbà wa.

8. Ẹ fún wọn ní máàkì, ṣùgbọ́n kí ilé-ìwé kejì ló dá ẹjọ́

Ẹ fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 100: ìkọ́ni 30, ìrìn 30, èsì 15, ààbò àti ìmọ́tótó 15, owó ilé-ìwé 10. Èsì kéré, torí òun ni wọ́n lè parọ́ rẹ̀ jù. Ìrìn pọ̀, torí òun nìkan ni ilé tí ẹ ń rà lè yí padà.

Nígbà tí ẹ bá wá ń fi àdúgbò wé àdúgbò, ẹ má ṣe lo ilé-ìwé tó gba máàkì tó ga jù. Ẹ lo èyí tó ṣe ipò kejì. Ká ní ilé-ìwé tó dára jù ní àdúgbò kìn-ín-ní gba 82, èyí tó tẹ̀ lé e gba 48. Ní àdúgbò kejì, 70, 68 àti 61. Àdúgbò kejì ni kí ẹ lọ. Ìdí ni pé 82 yẹn lè yí padà lójijì: onílé-ìwé àdáni lè kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa pín in, ìjọba lè gbé ọ̀gá girama lọ sí Ìjẹ̀bú, owó ilé-ìwé sì lè di ìlọ́po méjì nínú oṣù Kẹsàn-án. Lọ́jọ́ náà, orí 48 ni ẹ óò já sí, ilé yín á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa wò yín.

Ohun kan tí kò gba máàkì rárá ni ìwé ilẹ̀ àti omi. Àwọn yìí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé súfè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ẹ fún sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Òkè-Mọ́sàn bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ìwé rìsíìtì ẹbí nìkan kò tó. Kí lọ́yà wo C of O tàbí ìwé gbígbé ẹ̀tọ́ lé yín lọ́wọ́ kí owó tó jáde, kí gbogbo olórí ẹbí tó yẹ kó fọwọ́ sí i sì fọwọ́ sí i. Ní ti omi, òjò oṣù Keje 2018 gbé ilé àti ẹ̀mí lọ l'Ábẹ́òkúta. Níbikíbi tó bá sún mọ́ odò Ògùn tàbí ìṣàn omi tó wọ inú ìlú, ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò, ibi tí ọ̀dà ti yí àwọ̀ padà ní ìlà gbọọrọ. Ìlà yẹn ni ibi tí omi dé. Ilé-ìwé tó gba 90 kò lè gbẹ ilé tó ń mu omi.

9. Bí àyè bá wà, ẹ kọ́kọ́ háyà

Ẹ háyà ilé ní àdúgbò náà fún ọdún kan, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbẹ̀. Táàmù kejì ni ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń hàn: tíṣà tó kúrò lẹ́yìn Kérésìmesì, owó tí wọ́n ń fi kún owó, bí wọ́n ṣe ń na ọmọ. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò, CDA, kódà bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ ilẹ̀ tó lẹ́jọ́ nílẹ̀ àti ibi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ bá olùtọ́jú owó PTA sọ̀rọ̀ ju alága lọ, torí ó mọ iye òbí tó kọ̀ láti san àti ìdí rẹ̀.

Tí kò bá sí àyè láti háyà, tí ẹni tó ń ta ilé sì ń yára, ẹ ṣáà rí i pé ẹ ti mọ ọjọ́ ìdánwò ìgbaniwọlé kí ẹ tó fún ajẹ́ńtì ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ta fọ́ọ̀mù láti ìparí táàmù kejì, àga Praimárì kìn-ín-ní sì lè tán kí táàmù kẹta tó parí. Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà ní ilé-ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ ṣe ìdánwò méjèèjì, kí ìwé ìgbàwọlé sì wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí lọ́yà yóò bá ní kí ẹ wá fọwọ́ sí ìwé ilé.